Ohùn Ìlù Wa Nínú Dùùrù Oníná: Ta Ni Ó Ni Ín?

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá sí ojú ewé ìdílé lónìí kan àwọn ọmọ tí ń kọ́ dùùrù oníná. Ó sì kan àwọn bàbá onílù àti àwọn ìyá tí ń dá orin pẹ̀lú. Bí ọmọ bá jókòó sí ìdí dùùrù òde òní, ìka kan péré ni yóò fi tẹ̀ ẹ́ tí yóò fi gbọ́ agogo, ìlù, fèrè, àní ohùn ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ń kọrin. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí onílù kankan nínú àpótí náà. Ta ni ó wá lu ìlù yẹn? Ǹjẹ́ ohùn ìlù ti Pira náà lè wọ inú rẹ̀? Bí ó bá sì wọ inú rẹ̀, ta ni ó ni ín?

Kí ni ègé ohùn?

Ohun tí àwọn olórin ń pè ní sample ni a ó máa pè ní ègé ohùn níhìn-ín. Ó jẹ́ ohùn kúkúrú kan tí a fi makirofóònù gbà sílẹ̀, tí a gé orí àti ìdí rẹ̀, tí a sì so mọ́ ọ̀kan nínú àwọn ojú ìtẹ̀ funfun àti dúdú ti dùùrù. Ẹ̀rọ náà a máa wọn ohùn ní ìgbà 44,100 tàbí 48,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo, a sì kọ gbogbo ìwọ̀n náà sílẹ̀ bí nọ́ńbà. Nígbà tí ìka bá kan ojú ìtẹ̀, yóò ka àwọn nọ́ńbà náà padà, ohùn yóò sì jáde. Bí ó bá kà wọ́n kíákíá, ohùn a lọ sókè. Bí ó bá kà wọ́n pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ohùn a lọ sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n fótò bàbá ẹni kì í ṣe bàbá ẹni. A lè gbé e kọ́ ara ògiri, a lè fi han àwọn ọmọ-ọmọ, ṣùgbọ́n bí a bá kí i, kò ní dáhùn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ègé ohùn rí.

Báwo ni iṣẹ́ yìí ṣe dé ọ̀dọ̀ wa?

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé òkè òkun nìkan ni ọgbọ́n yìí ti wá. Ní 1944, ní Káírò, ní ilẹ̀ Íjíbítì, Halim El-Dabh gbé ẹ̀rọ tí ń gba ohùn sórí wáyà lọ síbi ayẹyẹ zaar, ó sì fi ohun tí ó gbà níbẹ̀ ṣe orin tuntun. Ní 1948, Pierre Schaeffer fi ìró ọkọ̀ ojú irin ṣe orin ní ilé iṣẹ́ rédíò ní Paris. Ní 1979, Peter Vogel àti Kim Ryrie gbé Fairlight CMI jáde ní Sydney, ní Ọsirélíà: dùùrù tí ó ní kọ̀ǹpútà nínú, tí ó sì lè gba ohùn fúnra rẹ̀. Ohùn tí ó lè gbà nígbà náà kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá kan lọ.

Ní 1988, Korg ti ilẹ̀ Jàpáánì mú M1 jáde. Ẹni tí ó bá ní in lè to orin kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin nínú àpótí kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ohùn tí ilé iṣẹ́ fi sínú rẹ̀ ni yóò lò. Kò lè fi makirofóònù gba tirẹ̀ sí i. Nígbà tí Triton ti Korg náà dé ní 1999, ilẹ̀kùn ṣí: olórin lè so makirofóònù mọ́ dùùrù, kí ó sì gba ohun tí ó wù ú.

Nítorí náà, bí a bá rí i tí a kọ "ìlù Áfíríkà" sí ojú dùùrù, ẹ jẹ́ kí ó yé wa pé ẹlòmíràn ni ó yan ìlù náà fún wa. Ohun tí a bá ní ni à ń náání; ọmọ aṣẹ́gità a máa náání èèpo igi. Bí àwa kò bá gba ohùn tiwa sílẹ̀, àwọn ọmọ wa yóò dàgbà pẹ̀lú ìlù àjèjì, wọn yóò sì rò pé ti baba wọn ni.

Báwo ni a ṣe ń gbà á dáadáa?

Èkínní, ẹ wá ibi tí ó dákẹ́ jẹ́ẹ́, jìnnà sí ọ̀nà ńlá tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ń gbà. Ohun gbogbo ni makirofóònù ń gbọ́, àti adìẹ àti ọmọ tí ń sunkún.

Èkejì, ẹ má jẹ́ kí ohùn náà le ju bí ó ti yẹ lọ. Bí iná pupa bá tàn lójú ẹ̀rọ, ohùn ti bàjẹ́ nìyẹn, kò sì sí oògùn rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ìlù wa ń sọ̀rọ̀. Bí a bá gba ẹyọ ohùn gángan kan, tí a wá nà án kárí gbogbo ojú ìtẹ̀, èyí tí ó wà lókè yóò máa dún bí agolo. Ohùn tí a bá gbé láti dò kan dé dò kejì lókè a máa yára ní ìlọ́po méjì, yóò sì parí ní ìdajì àkókò. Nítorí náà, ẹ gba ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ gba èyí tí a rọra lù àti èyí tí a fi agbára lù, nítorí ọwọ́ onílù kì í dún bákan náà nígbà méjì.

Ẹ̀kẹrin, ẹ gé ìdákẹ́jẹ́ tí ó wà níwájú ohùn kúrò. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ìlù yóò máa dé lẹ́yìn orin.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ tọ́jú rẹ̀ kí iná tó lọ. Àyè tí Triton ní nígbà tí ó jáde kò ju 16 MB lọ, nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì àti àáyá 54. Bí iná bá kú, ohun tí a kò tíì kọ sínú dísíkì ti parẹ́ pátápátá. Ẹ̀yin mọ bí iná ti ń ṣe wá.

Ta ni ó ni ohùn?

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ wa le jù sí. Ẹ gbọ́ ìtàn méjì.

Wally Badarou, ọmọ Benin tí a bí ní Paris ní 1955, jẹ́ ọ̀gá nínú lílo dùùrù kọ̀ǹpútà. Ní 1984 ó ṣe àwo orin Echoes. Lẹ́yìn náà, ní 1990, àwọn Massive Attack ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gé nínú orin rẹ̀ kan, Mambo, wọ́n sì fi ṣe Daydreaming. Orúkọ Badarou wà lára àwọn tí a kọ pé wọ́n ni orin náà.

Obìnrin kan tí ń jẹ́ Afunakwa, ní erékùṣù Solomon, kọ orin tí a fi ń rẹ ọmọ sùn fún Hugo Zemp, ẹni tí ó gbà á sílẹ̀ ní nǹkan bí 1970. Ní 1992, àwọn Faransé méjì tí ń jẹ́ Deep Forest fi ohùn rẹ̀ ṣe Sweet Lullaby. Orin náà tà káàkiri ayé, ó sì mú owó wọlé. Zemp fi ẹ̀hónú hàn nínú ìwé ní 1996 pé a kò gba àṣẹ fún irú ìlò bẹ́ẹ̀. Afunakwa kú ní 1998. Ohùn rẹ̀ dé ibi gbogbo. Orúkọ rẹ̀ kò bá a lọ.

Ẹ̀yin ará, Afunakwa lè jẹ́ ìyá ẹnikẹ́ni nínú wa. Ní Benin, òfin 2005-30 ti 2006 dáàbò bo ẹ̀tọ́ ẹni tí ó ṣe orin àti ti ẹni tí ó kọ ọ́ tàbí tí ó lù ú. Ṣùgbọ́n kí a tó dé ọ̀dọ̀ òfin, ìwà ọmọlúàbí ti wà nílẹ̀. Kí ọmọ tó gbé makirofóònù sí iwájú àgbà, kí ó kọ́kọ́ kúnlẹ̀ tàbí kí ó dọ̀bálẹ̀, kí ó tọrọ àṣẹ, kí ó sì ṣàlàyé ohun tí ó fẹ́ fi í ṣe. Kí ó kọ orúkọ onílù, orúkọ ìlú àti ọjọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ohùn náà. Bí owó bá wọlé, kí ó rántí ẹni tí ó ni ọwọ́.

Nínú ilé Ọlọ́run ńkọ́?

Ìgbìmọ̀ Vatikan Kejì, nínú ìwé rẹ̀ lórí ìsìn mímọ́ ní 4 December 1963, bu ọlá fún dùùrù ńlá onífèrè. Ó gbà pẹ̀lú pé àwọn ohun èlò mìíràn lè wọlé bí aláṣẹ Ìjọ bá fọwọ́ sí i, tí wọ́n sì yẹ fún iṣẹ́ mímọ́. Ó tún ní kí a fún orin ìbílẹ̀ àwọn ènìyàn ní iyì tí ó tọ́ sí i. Ẹ̀rọ kò lè gbàdúrà; ènìyàn ni í gbàdúrà. Bí onílù bá ṣàìsàn, tàbí bí àwọn ọmọ bá ń kọ́ orin tuntun, kí ègé ohùn ràn wá lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí bàbá onílù bá wà ní ìjókòó tí ìlù rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kí dùùrù má ṣe gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, ẹ rán àwọn ọmọ yín lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà onílù nígbà tí wọ́n ṣì wà láàyè. Lẹ́yìn tí wọ́n bá sì gba ohùn tán, kí onílù náà ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Bí ó bá mi orí pé ìlù òun kọ́ nìyẹn, kí wọ́n tún un gbà.