Ètò Ẹ̀kọ́ Tuntun: Ohun Tí Ó Kan Àwa Òbí Mùsùlùmí

 

Ẹ̀yin òbí wa ní Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́, Ìdó àti agbègbè wọn, òbí tó bá gbọ́ pé ìjọba yí ètò ẹ̀kọ́ padà, ìbéèrè mẹ́ta ni yóò bèèrè: Ṣé wọ́n ti yọ ẹ̀sìn kúrò ni? Ṣé wọ́n fẹ́ sọ ọmọ mi di oníṣẹ́-ọwọ́ ni? Kí ni kí èmi wá ṣe?

KÍ NI ÈTÒ Ẹ̀KỌ́?

Ètò ẹ̀kọ́ ni ìwé tó ń sọ ohun tí tíṣà yóò kọ́ ọmọ ní kíláàsì kọ̀ọ̀kan. Àjọ NERDC ló ń ṣe é fún ìjọba àpapọ̀. Kì í ṣe Àlùkùránì tí kò ṣe é yí padà. Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀ ní 1955 rí i pé ohun tí wọ́n kọ́ àwọn kọ́ ni wọ́n kọ́ àwọn ọmọ wọn nígbà tí 6-3-3-4 dé ní 1982. Wọ́n tún un ṣe ní 2008 àti 2014. Ti 2025 ló dé kẹ́yìn yìí.

KÍ NI Ó YÍ PADÀ NÍ 2025?

Wọ́n dín ẹrù ọmọ kù. Sọ́bújẹ́ẹ̀tì 9 sí 10 ni fún Pírámárì 1 sí 3. 10 sí 12 fún Pírámárì 4 sí 6. 12 sí 14 fún JSS. 8 sí 9 fún SSS. Ìtàn Nàìjíríà ti padà wá. Ìjọba ní kí ó bẹ̀rẹ̀ láti Pírámárì 1, Pírámárì 4, JSS 1 àti SSS 1. Nítorí náà, àwọn tó wọ SSS 1 ní September 2025, tí kò bá sí ìdádúró, ọdún 2028 ni wọn yóò jókòó sí WAEC.

ṢÉ WỌ́N YỌ Ẹ̀SÌN KÚRÒ?

Rárá o. Ní 2014, wọ́n kó ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn mọ́ Civic àti Social Studies lábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo, ariwo rẹ̀ sì gba ìlú ní 2017. Ní ti 2025 yìí, ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn dá dúró láti Pírámárì 1 títí dé JSS 3: ọmọ Mùsùlùmí yóò ṣe I.R.K., ọmọ Kristẹni yóò ṣe C.R.K. Èdè Lárúbáwá wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ẹni tó bá wù ni yóò yàn án. Ní SSS, yíyàn ni I.R.K. náà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyí: ohun tó wà nínú ìwé lè má sí ní kíláàsì. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé àtijọ́ ní agbègbè wa ló jẹ́ pé ìjọ Kristẹni ló dá wọn sílẹ̀ kí ìjọba tó gbà wọ́n. A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn bàbá wa ti mọ A-B-D. Ṣùgbọ́n níbi tí kò bá sí tíṣà I.R.K., ọmọ wa lè lọ jókòó ti C.R.K. kí ó má baà gba òdo. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, abala 38, ẹsẹ 2, kò gbà kí a kàn án nípá fún ọmọ láti kọ́ ẹ̀sìn tí kì í ṣe tirẹ̀, tàbí èyí tí òbí rẹ̀ kò fọwọ́ sí. Òfin kò ní ẹnu. Òbí ni ẹnu rẹ̀.

IṢẸ́-ỌWỌ́ ŃKỌ́?

Láti JSS, ọmọ yóò mú iṣẹ́ kan nínú mẹ́fà: títo iná sólà, aṣọ rírán, ẹran ọ̀sìn, ìṣaralóge, títún kọ̀ǹpútà àti fóònù ṣe, tàbí ọ̀gbìn. Kì í ṣe ti ọmọ tí orí rẹ̀ kò pé. Ànábì Núhà kan ọkọ̀, Ànábì Dáúdà rọ irin. Ẹ wo Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ Ọ̀yẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2011: Ìkọ̀lé níbí ni ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ rẹ̀ wà. Ọmọ tó mú ọ̀gbìn lè ti oko bàbá rẹ̀ dé yunifásítì.

Àmọ́ ẹ rántí 6-3-3-4. Ẹ̀rọ tí wọ́n kó wá nígbà náà wà nínú pákó ní ilé-ìwé púpọ̀ títí ó fi dípẹtà, nítorí kò síná, kò sì sí ẹni tó mọ̀ ọ́n lò. Kí èyí má tún rí bẹ́ẹ̀.

KÍ NI KÍ ÒBÍ ṢE?

Ìkínní: kí àwa òbí Mùsùlùmí ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan ka iye ọmọ wa, kí a kọ lẹ́tà kan ṣoṣo sí ọ̀gá ilé-ìwé pé a fẹ́ I.R.K. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni o, kì í ṣe pẹ̀lú ìjà.

Ìkejì: bí wọ́n bá ní kò sí tíṣà, kí mọ́ṣáláṣí wá ọ̀dọ́ tó gba NCE nínú ẹ̀kọ́ Islam, kí ọ̀gá ilé-ìwé fọwọ́ sí i, kí a dáwó fún un títí ìjọba yóò fi gbà á.

Ìkẹta: kí a bá ọmọ jókòó kí ó tó wọ SSS. Márùn-ún ti di dandan: Gẹ̀ẹ́sì, Máàtì, ẹ̀kọ́ ọmọ-ìlú àti àṣà, ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà, àti iṣẹ́-ọwọ́ kan. Mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló kù. Ọmọ tó rí ilé-ìwòsàn ńlá Ìdó, tó ní òun fẹ́ di dókítà, kò gbọdọ̀ fi Biology, Chemistry àti Physics sílẹ̀. Bí ààyè kan bá ṣẹ́kù, kí a bèèrè bóyá I.R.K. lè wọ ibẹ̀.

Ìkẹrin: ní ìpàdé P.T.A., kí a bèèrè irinṣẹ́ àti tíṣà iṣẹ́-ọwọ́ tó wà nílẹ̀. Ẹni tí kò lọ sípàdé, kí ó má ṣe ráhùn nílé.

Ilé kéú dára, ṣùgbọ́n kò ní kí a má mọ ohun tí ọmọ ń kọ́ láti aago mẹ́jọ títí di aago méjì. Ọlọ́hun yóò bi wá léèrè nípa ọmọ tí Ó fi sí ìkáwọ́ wa. Kí Ó fi ìmọ̀ tó ṣàǹfààní ta àwọn ọmọ wa lọ́rẹ. Àmín.