Ìwé-Àṣẹ Nìkan Kò Tó: Ẹ̀kọ́ àti Iṣẹ́ Awakọ̀ Òfuurufú Tuntun

Ní kùtùkùtù òwúrọ̀, nígbà tí ìlú kò tíì jí tán, èrò a ti máa tò ní pápá ọkọ̀ òfuurufú ní Èkó, ní Àbújá, ní Lomé àti ní Accra. Oníṣòwò wà nínú wọn, òṣìṣẹ́ ìjọba wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìyá àgbà tí ń lọ wẹ ọmọ-ọmọ rẹ̀ kò gbẹ́yìn. Bàálù tí wọn yóò wọ̀ kì í ṣe èyí tí ń ré òkun kọjá lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ti ìrìn wákàtí kan tàbí méjì ni, láti ìlú kan dé òmíràn, tàbí láti orílẹ̀-èdè kan sí èyí tí ó múlé tì í. Ní iwájú bàálù náà, lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí a tì pa, ènìyàn méjì ni ó jókòó. Ẹni tí ó wà lápá òsì ni ọ̀gá awakọ̀, ó sì lè ti lo ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tí ó wà lápá ọ̀tún ni igbákejì rẹ̀, oṣù díẹ̀ péré ni òun sì lè ti lò. Síbẹ̀ àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń pín iṣẹ́ náà ṣe: bí ọ̀gá bá wa bàálù ní àlọ, igbákejì ni ó sábà máa ń wà á ní àbọ̀.

Kí ni ó mú ọ̀dọ́ yìí yẹ fún ìjókòó bẹ́ẹ̀? Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò dáhùn pé ìwé-àṣẹ tí ìjọba fún un ni. Kò sí àní-àní pé ìwé-àṣẹ ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n ibi tí ó parí sí ni ẹ̀kọ́ tí ń dáàbò bo èrò ti bẹ̀rẹ̀.

Ní Nàìjíríà, ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba tí a mọ̀ mọ iṣẹ́ yìí wà ní Zaria; ọdún 1964 ni a dá a sílẹ̀. Bàálù kékeré ni akẹ́kọ̀ọ́ fi ń bẹ̀rẹ̀. Ó ń kọ́ nípa ojú ọjọ́, nípa òfin òfuurufú, àti nípa bí afẹ́fẹ́ ti ń gbé apá bàálù ró. Àjọ àgbáyé tí ń rí sí ìrìn òfuurufú, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Montreal ní ilẹ̀ Kánádà, ti là á sílẹ̀ pé ẹni tí yóò máa fi awakọ̀ òfuurufú ṣe iṣẹ́ jẹun gbọ́dọ̀ ti pé ọmọ ọdún 18, kí ó sì ti fò fún wákàtí 200, tàbí wákàtí 150 bí ó bá jẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ni ó ti kọ́ ọ. Dókítà gbọ́dọ̀ jẹ́rìí sí i pé ara rẹ̀ dá. Bí yóò bá sì máa fò kọjá ààlà ilẹ̀ rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ fi hàn pé èdè tí a fi ń bá àwọn adarí tí ó wà nílẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú rédíò yọ̀ mọ́ òun lẹ́nu.

Wákàtí 150 dún bí ẹni pé ó pọ̀. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ tí ń ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́jọ lóòjọ́ yóò ti lo iye wákàtí yìí kí oṣù kan tó pé. Nítorí náà, bí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kan bá gba ọ̀dọ́ náà síṣẹ́, kì í gbé bàálù fún un lójú ẹsẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, inú kíláàsì ni ó ń wà. Wọn yóò kọ́ ọ ní ìlànà ilé-iṣẹ́ náà, bí a ti ń ṣírò epo àti ìwọ̀n ẹrù, irú ẹrù tí kò gbọdọ̀ wọ inú bàálù, bí a ti ń kojú èéfín àti iná, àti bí a ti ń kó èrò jáde ní wàràwàrà bí ewu bá dé.

Lẹ́yìn èyí ni yóò kọ́ irú bàálù kan ṣoṣo tí yóò máa wà. ATR 72, tí ń gbé bí àádọ́rin èrò, ní abẹ̀bẹ̀ ńlá lára ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ó sì dára fún pápá tí ojú ọ̀nà rẹ̀ kúrú. CRJ 900 kò ní abẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó yára jù ú lọ, ó sì ń fò sókè jù ú lọ. Ẹni tí ó mọ ọ̀kan wà kò ní ẹ̀tọ́ láti wa èkejì títí yóò fi kọ́ ọ lọ́tọ̀, tí a ó sì kọ orúkọ irú bàálù náà sínú ìwé-àṣẹ rẹ̀.

Ibi tí ẹ̀kọ́ yìí ti le jù ni inú ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní ‘simulator’. Iyàrá awakọ̀ ni a ṣe ẹ̀dà rẹ̀, tí a gbé ka orí ẹsẹ̀ irin tí ń mì ín síwá sẹ́yìn. Ohun tí ó wà lójú fèrèsé rẹ̀ dàbí ojú ọ̀run àti ilẹ̀, ṣùgbọ́n kò kúrò nínú ilé. Níbẹ̀ ni olùkọ́ ti lè pa ẹ́ńjìnnì kan nígbà tí bàálù ń sáré láti gbéra. Ìwọ̀n ìyára kan wà tí àwọn awakọ̀ ti ṣírò sílẹ̀: bí ẹ́ńjìnnì bá kú kí wọ́n tó dé ìwọ̀n náà, wọ́n gbọ́dọ̀ dúró, bí ó bá kú lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ fò, nítorí ọ̀nà tí ó kù kò ní tó wọn dúró mọ́. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni wọ́n ní láti fi ṣe é.

Olùkọ́ tún lè mú kí bàálù dín ìyára kù jù, tí afẹ́fẹ́ kò fi ní lè gbé apá rẹ̀ ró mọ́. Ọ̀pá ìdarí yóò máa gbọ̀n lọ́wọ́ awakọ̀ láti kìlọ̀ fún un. Ẹ̀rù yóò máa sọ fún un pé kí ó fa imú bàálù sókè, nítorí ilẹ̀ ni ó rí tí ó ń bọ̀. Ẹ̀kọ́ ni yóò sọ fún un pé kí ó tẹ imú rẹ̀ sílẹ̀, kí ìyára lè padà. Ohun tí ó lòdì sí ẹ̀rù báyìí kò ṣeé kọ́ nínú ìwé nìkan. Àfi kí a ṣe é, kí a tún un ṣe, títí ọwọ́ yóò fi mọ̀ ọ́n.

Ìlẹ̀ Nàìjíríà kò ṣe àjèjì sí ohun tí àìmọ̀ yìí lè fà. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹwàá ọdún 2006, bàálù ilé-iṣẹ́ ADC kan gbéra ní Àbújá, ó ń lọ sí Sókótó. Kò pẹ́ tí ó fi já lulẹ̀. Nínú ènìyàn 105 tí ó wà nínú rẹ̀, mẹ́sàn-án péré ni ó yè. Sultan Sókótó, Muhammadu Maccido, wà lára àwọn tí ó kú. Ìjì ń bọ̀ nígbà tí bàálù náà gbéra. Nínú irú ìjì bẹ́ẹ̀, atẹ́gùn tí ń fẹ́ pàdé bàálù lè yí padà lójijì kí ó máa fẹ́ láti ẹ̀yìn rẹ̀, ìyára rẹ̀ yóò sì dínkù lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn olùwádìí rí i pé awakọ̀ pinnu láti gbéra nínú ojú ọjọ́ tí kò dára, àti pé a kò lo ìlànà tí ó yẹ láti bọ́ nínú ìyípadà atẹ́gùn náà.

Bí ọ̀dọ́ bá yege nínú ẹ̀rọ ẹ̀kọ́ yìí, yóò bẹ̀rẹ̀ sí fò pẹ̀lú èrò, ṣùgbọ́n ọ̀gá awakọ̀ tí ó tún jẹ́ olùkọ́ ni yóò jókòó tì í, títí a ó fi dán an wò níkẹyìn. Ìdánwò kò sì tán síbẹ̀. Òfin àgbáyé béèrè pé kí a dán gbogbo awakọ̀ ilé-iṣẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ìbáà ṣe ọ̀gá tàbí ọmọ-iṣẹ́. Láti gba ìwé-àṣẹ tí ó ga jù, èyí tí ọ̀gá awakọ̀ bàálù ńlá ń lò, wákàtí 1,500 ni a ń béèrè. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

Nípa iṣẹ́ òòjọ́, ìgbésí-ayé wọn kò rọrùn bí aṣọ funfun àti okùn wúrà tí ó wà léjìká wọn ti fi hàn. Awakọ̀ tí ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lè gbéra lẹ́ẹ̀kan kí ó sì balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́. Ti ìrìn kúkúrú lè ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà mẹ́rin, gbígbéra àti bíbalẹ̀ ni iṣẹ́ sì ti pọ̀ jù. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni ó ti ń yẹ ìròyìn ojú ọjọ́ wò. Nígbà ọyẹ́, eruku lè bo pápá Kánò títí a kò fi ní rí ojú ọ̀nà. Nígbà òjò, ìjì a máa dí ọ̀nà ọ̀sán. Bí ìrìn àkọ́kọ́ bá pẹ́, gbogbo ìyókù yóò pẹ́, èrò yóò sì máa bínú.

Nínú irú iṣẹ́ báyìí, àárẹ̀ jẹ́ ọ̀tá tí kò ṣeé fojú rí. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 2009, bàálù ilé-iṣẹ́ Colgan Air ní Amẹ́ríkà gbéra ní Newark, ó sì já lu ilé kan nítòsí Buffalo. Gbogbo ènìyàn 49 tí ó wà nínú rẹ̀ kú, ẹnìkan sì kú nílẹ̀. Ìyára bàálù ti dínkù, ọ̀pá ìdarí ti gbọ̀n láti kìlọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀gá awakọ̀ fa imú bàálù sókè dípò kí ó tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Igbákejì rẹ̀ ń gbé nítòsí Seattle, ní ìkangun kejì ilẹ̀ náà. Ó ti fi òru gbáko wọ bàálù kiri kí ó tó dé ibi iṣẹ́. Àwọn olùwádìí sọ pé ó ṣeé ṣe kí àárẹ̀ ti dí àwọn méjèèjì lọ́wọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò lè wọn bí ó ti pọ̀ tó.

Lẹ́yìn ìjàm̀bá náà, Amẹ́ríkà ṣe òfin ní ọdún 2010. Láti ọdún 2013, igbákejì awakọ̀ pàápàá gbọ́dọ̀ ti fò fún wákàtí 1,500, àfi àwọn díẹ̀ tí òfin yọ̀ǹda fún, irú bí àwọn tí ó ti iṣẹ́ ológun wá. Láti ọdún 2014, awakọ̀ gbọ́dọ̀ ní ìsinmi wákàtí mẹ́wàá kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí àyè oorun wákàtí mẹ́jọ sì wà nínú rẹ̀. Ó yẹ kí a kíyè sí i pé àwọn awakọ̀ méjèèjì tí ó kú ní Buffalo ti fò ju wákàtí 1,500 lọ. Èyí fi hàn pé iye wákàtí nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ wà. Irú ẹ̀kọ́ tí a fún ènìyàn àti irú oorun tí ó sùn wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ̀kọ́ àti ìsinmi sì ń náni lówó. Ó ti pẹ́ tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti ń lọ sí òkèèrè láti lo ẹ̀rọ ẹ̀kọ́ yìí, owó ilẹ̀ òkèèrè ni a sì ń fi san án. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan ń san án fún òṣìṣẹ́ wọn, wọ́n sì ń mú un tọwọ́ bọ̀wé pé kò ní kúrò fún ọdún mélòó kan. Níbòmíràn, ọ̀dọ́ náà tàbí àwọn òbí rẹ̀ ni ó ń wá owó náà. Ẹni tí gbèsè wà lọ́rùn rẹ̀ kì í fẹ́ sọ pé ó ti rẹ òun.

Nítorí náà, nígbà tí owó bá wọ́n ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú, kì í ṣe ẹ̀kọ́ àti ìsinmi ni ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ gé. Iṣẹ́ àjọ ìjọba ni láti yẹ ìwé wákàtí àwọn awakọ̀ wò déédéé, kí ó má dúró de ọjọ́ ìjàm̀bá. Èrò náà ní ipa tirẹ̀. Bí a bá kéde pé ìrìn ti yẹ̀ nítorí ìjì, tàbí nítorí pé wákàtí iṣẹ́ awakọ̀ ti pé, ìbínú kò yẹ níbẹ̀. Ẹni tí ó kọ̀ láti fò nínú ìjì ti ṣe ohun tí a fi gbogbo ẹ̀kọ́ yẹn kọ́ ọ. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹni tí ó bá pẹ́ dé ilé dé ilé náà.