Àtẹ Tó Ń Dá Ẹsẹ̀ Dúró

Ẹni tó ń gba àárín ọjà Bódìjà kọjá n'Ìbàdàn láàárọ̀ Sátidé kò ráyè dúró ro nǹkan kan. Ẹrù wà lọ́wọ́ rẹ̀, alábàárù ń pariwo "àgò!" lẹ́yìn rẹ̀, àwọn aláta tó jókòó tẹ̀ léra sì ń ta ọjà kan náà ní iye kan náà. Síbẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn kan ni èrò máa ń yà sí. Àwọn tó jókòó tì wọ́n á ní àwúre ni. Àwúre kọ́. Ẹ̀rù ló ń lé oníbàárà lọ: ó ń rò ó pé bí òun bá yà pẹ́nrẹ́n, òun ò ní lè kúrò níbẹ̀ láìrà. Àtẹ tó mọ iṣẹ́ ẹ̀ á jẹ́ kó rí ọjà, kó mọ iye ẹ̀, kó sì lè bá tiẹ̀ lọ láìsí ìjà.

Ilẹ̀ la ti ń bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa dúró síbi tí ọmọlàńkẹ́ lè ti gbá a, tàbí síbi tí gọ́tà ti ń rùn. Pákó lórí gọ́tà, àyè tó gba èèyàn méjì níwájú àtẹ, ó parí. Àwọn tó ń ti àtẹ bọ́ sójú ọ̀nà rò pé àwọn ń sún mọ́ èrò ni. Ọ̀nà ni wọ́n ń dí, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ò sì ní pẹ́ dé.

Ọjà tí wọ́n tẹ́ pẹrẹsẹ, ìlà iwájú nìkan ló ń hàn lókèèrè. Ẹ da apẹ̀rẹ̀ òfìfo dé sẹ́yìn, kẹ́ ẹ gbé àwo lé e, kí ọjà lè dà gẹ̀rẹ̀ wá síwájú bí òrùlé. Bí tàtàṣé bá jókòó ti tòmátì, pupa á gbé pupa mì. Ilá tàbí ewédú ni kó wà láàárín wọn. Agboòrùn náà lọ́wọ́ sí i. Tapólì búlúù máa ń sọ tòmátì di dúdú lójú, ẹran abẹ́ ẹ̀ á sì dà bí ẹran àná. Pupa máa ń bù kún pupa, ìdí nìyẹn táwọn kan fi ń wá a kiri, ṣùgbọ́n oníbàárà tó bá délé tó rí i pé tòmátì òun ò pọ́n tó bẹ́ẹ̀ kò ní padà wá. Funfun ni mo fara mọ́.

Ewé nìkan ni kẹ́ ẹ máa wọ́n omi sí, torí omi ara ẹ̀ tí oòrùn ń fà ló fi ń rọ. Tòmátì tó ti Òkè Ọya wá nínú apẹ̀rẹ̀, àwọn ti ìsàlẹ̀ ti fara bó. Bí omi bá kan ojú ibẹ̀, kíá ló ń bu.

Owó ńkọ́? Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ pọ̀ sí. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò jẹ́ béèrè "Èló ni?" torí ẹni tó bá ti béèrè ti wọnú ìnájà, bó bá sì lọ láìrà, òṣé ló máa gbọ́ lẹ́yìn. Ẹ pín ata sínú àwo kéékèèké, ti ₦500, ti ₦1,000, ti ₦2,000, kẹ́ ẹ kọ iye wọn sára páálí. Àwọn ìyá ọjà kan á ní ìyẹn ń ba ìnájà jẹ́. Kò bà á jẹ́ rárá: orí èènì ni ìnájà máa bọ́ sí, àwọn tó ń kọjá á sì máa rí i bẹ́ ẹ ṣe ń bù ú. Bí ọjà bá ti ń tán lọ, ẹ kó o sínú àwo tó kéré, torí àwo ńlá tí ọjà ẹ̀ kò ju bíńtín lọ, àṣàkù ni èrò ń pè é.

Ó wá ku ẹni tó ń tà á. Ẹ má tẹjú mọ́ èèyàn, ẹ má sì tẹjú mọ́ fóònù. Ẹ máa ṣa ẹ̀fọ́ lọ, kẹ́ ẹ kí wọn, "Ẹ kú ìnájà o, mà." Ó tó bẹ́ẹ̀. "Kí lẹ fẹ́ rà?" ti di gbèsè sí wọn lọ́rùn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń fa èrò lápá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáwọ́ ńbẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá fà lápá lónìí, ọ̀nà mìíràn ló máa gbà lọ́la.