Ìwọdò, Afárá àti Agbára: Ìtàn Ìlú Athy ní Írẹ́lándì

1.0 Ìfáárà

Athy jẹ́ ìlú kékeré kan ní ẹkùn Kildare, ní nǹkan bí 70 kìlómítà sí gúúsù ìwọ̀-oòrùn Dublin tí í ṣe olú-ìlú Írẹ́lándì. Odò Barrow ni ó la ìlú náà sí méjì. Odò yìí gùn tó 192 kìlómítà. Odò Shannon nìkan ni ó gùn jù ú lọ ní ilẹ̀ náà. Àṣà àwọn tí ń kọ ìtàn irú ìlú bẹ́ẹ̀ ni láti sọ pé odò ni ó bí i. Irọ́ kọ́, ṣùgbọ́n àlàyé náà kò tó. Omi Barrow ṣàn kọjá lẹ́bàá ọ̀pọ̀ ibi tí kò di ìlú rárá. Èrò tí àpilẹ̀kọ yìí gbé kalẹ̀ ni pé ibi ìrékọjá odò, àti ẹni tí ibẹ̀ wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, ni ó tọ́ ìtàn Athy sọ́nà.

2.0 Orúkọ Ìlú àti Ìwọdò

Baile Átha Í ni àwọn ará Írẹ́lándì ń pe ìlú yìí ní èdè abínibí wọn. 'Baile' ni ìlú, 'áth' ni ìwọdò, 'Í' sì dúró fún Ae, orúkọ ènìyàn. Ìtàn ìwáṣẹ̀ sọ pé jagunjagun kan láti Munster ni Ae, àti pé níbi ìwọdò yìí ni wọ́n ti pa á lójú ogun ní nǹkan bí ọ̀rúndún kejì lẹ́yìn ikú Olúwa wa. Ìtàn ìwáṣẹ̀ kò ṣe é fi ṣe ẹ̀rí ọdún, síbẹ̀ ó ní ohun tí ó ń sọ. Orúkọ ìlú náà kò rántí omi tàbí ẹja. Ẹni tí ó kú níbi ìrékọjá ni ó rántí. Ẹni tí ó bá ti ka ìtàn àwọn ará Gílíádì, tí wọ́n gba ìwọdò Jọ́dánì, tí wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ 'Ṣíbólẹ́tì' dán àwọn tí ń kọjá wò, yóò mọ̀ pé ibi tí omi kò ti jìn ni ọ̀tá ti ń dúró de ọ̀tá.

Ní ọ̀rúndún 13, àwọn Normani kọ́ ilé olódi Woodstock sí apá ìwọ̀-oòrùn odò náà. Àwọn àlùfáà ẹgbẹ́ Dominic sì tẹ̀dó sí apá ìlà-oòrùn. Báyìí ni bèbè méjèèjì ṣe di ibùgbé.

3.0 Afárá tí ó di Bodè

Ní ọdún 1417, Sir John Talbot, aṣojú ọba Gẹ̀ẹ́sì ní Írẹ́lándì, tún afárá ibẹ̀ ṣe, ó sì kọ́ ilé olódi kan sí ẹnu rẹ̀ láti máa ṣọ́ ọ. Ilé náà, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ White's Castle, ṣì wà níbẹ̀ títí di òní. Athy ni ẹnu ààlà nígbà náà. Ní ìlà-oòrùn ni ilẹ̀ tí òfin ọba Gẹ̀ẹ́sì ti múlẹ̀. Ní ìwọ̀-oòrùn ni Laois, ilẹ̀ ìdílé O'More. Nínú lẹ́tà tí àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ náà kọ sí Ọba Henry Karùn-ún ní ọdún yẹn kan náà, wọ́n yin Talbot pé nítorí iṣẹ́ rẹ̀ lórí afárá náà, àwọn ènìyàn ọba lè fi ẹran ọ̀sìn wọn sílẹ̀ ní pápá tọ̀sán-tòru láìsí pé wọ́n jí wọn.

Ó yẹ kí òǹkàwé kíyè sí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ níhìn-ín. Lójú àwọn tí ó kọ lẹ́tà, ààbò ni afárá náà. Lójú àwọn O'More, ilẹ̀kùn tí wọ́n tì mọ́ wọn ni. Afárá tí ó yẹ kí ó so bèbè méjì pọ̀ di bodè. Iṣẹ́ oníbodè kì í sì í ṣe láti dí ọ̀nà pátápátá, bí kò ṣe láti yan ẹni tí yóò kọjá.

4.0 Ìwé Àṣẹ Ọba àti Igbe Ogun

Ìdílé FitzGerald, àwọn Earl ti Kildare, ni ó jọba lé Athy lórí lẹ́yìn èyí. Ní ọdún 1515, Ọba Henry Kẹjọ fún ìlú náà ní ìwé àṣẹ láti mọ odi, láti máa ná ọjà, àti láti máa yan olórí ìlú lọ́dọọdún. Nígbà tí òfin sọ Laois di Queen's County ní ọdún 1556, tí wọ́n sì ń pín ilẹ̀ rẹ̀ fún àwọn àlejò láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ààlà bẹ̀rẹ̀ sí kúrò ní Athy díẹ̀díẹ̀. Afárá ogun wá ń di afárá ọjà.

Ṣùgbọ́n agbára kò kúrò lórí rẹ̀. Ọdún 1796 ni wọ́n kọ́ afárá òkúta tí ó wà níbẹ̀ títí di òní, Crom-a-Boo ni wọ́n sì sọ ọ́. Igbe ogun ìdílé FitzGerald ni orúkọ yìí. Crom tọ́ka sí Croom, ilé olódi wọn ní Limerick. Òfin ọdún 1495 ti ka irú igbe bẹ́ẹ̀ léèwọ̀, nítorí pé ó ń dá ìjà sílẹ̀ láàrin àwọn ìdílé ńlá. Lẹ́yìn 301 ọdún, igbe tí òfin kà léèwọ̀ di orúkọ afárá, nígbà tí olórí ìdílé náà ti di Duke ti Leinster. Ọdún méjì péré lẹ́yìn náà ni ọ̀tẹ̀ 1798 bẹ́ sílẹ̀. Lord Edward FitzGerald, àbúrò Duke náà, ẹni tí ó ṣojú Athy ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin láti 1783 sí 1790, wà lára àwọn aṣáájú ọlọ́tẹ̀; inú ẹ̀wọ̀n ni ó kú sí.

5.0 Odò Àtọwọ́dá, Rélùwéè àti Ọ̀nà Tuntun

Ní ọdún 1791, odò àtọwọ́dá tí wọ́n gbẹ́ láti Dublin pàdé Barrow ní Athy, ọkọ̀ ẹrù sì lè gba ibẹ̀ lọ sí ìhà òkun. Rélùwéè dé ní 1846, ó sì gba púpọ̀ nínú iṣẹ́ ọkọ̀ omi. Nígbà tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àti ọkọ̀ akẹ́rù pọ̀, gbogbo wọn ni ó ń tò kọjá lórí afárá 1796, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé olódi 1417. Oṣù Kọkànlá ọdún 2023 ni wọ́n tó ṣí ọ̀nà tuntun tí ó gùn ní kìlómítà 3.4, tí ó ní afárá mìíràn fún ọkọ̀ lórí Barrow.

6.0 Àgbálọgbábọ̀

Ohun tí ó hàn nínú ìtàn yìí ni pé ìrékọjá kan ṣoṣo ni ó mú kí jagunjagun, aṣojú ọba àti Duke máa du Athy. Òun kan náà ni ó wá di ìdíwọ́ fún ọkọ̀ ní ayé òde òní. Láyé àtijọ́, kò sí bí arìnrìn-àjò ṣe lè yẹ ìlú náà sílẹ̀. Láti ọdún 2023, ó lè ré Barrow kọjá láìfojú kan ọjà rẹ̀. Ìrọ̀rùn ni èyí jẹ́ fún àwọn tí ń gbé àárín ìlú. Ṣùgbọ́n ìlú tí ó dìde nítorí pé dandan ni kí ènìyàn gba ibẹ̀ kọjá gbọ́dọ̀ wá ohun mìíràn tí yóò máa mú ènìyàn yà síbẹ̀.