Ẹrù Tí Ó Ṣòro Kó: Pípààrọ̀ Ètò Ìpìlẹ̀ Kọ̀ǹpútà Ní Ibi Iṣẹ́

Ohun tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò níhìn-ín ni ìbéèrè kan tí ó máa ń jẹyọ ní ọ́fíìsì nígbà tí owó àṣẹ ìlò bá gun òkè, tàbí nígbà tí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ètò inú kọ̀ǹpútà bá kéde pé òun kò ní tún un ṣe mọ́. Ǹjẹ́ a lè yọ ètò tí ó ń darí àwọn kọ̀ǹpútà wa kúrò, kí a sì fi òmíràn tí ó lè ṣe iṣẹ́ kan náà rọ́pò rẹ̀? Ètò yìí, tí mo pè ní ètò ìpìlẹ̀, ni ó wà láàárín ẹ̀rọ gan-an àti àwọn ètò ìlò tí a fi ń kọ̀wé tàbí tí a fi ń ṣírò owó. Windows jẹ́ ọ̀kan. Linux, tí ẹnikẹ́ni lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́ kí ó sì yẹ inú rẹ̀ wò, jẹ́ òmíràn. Èrò tèmi ni pé ètò ìpìlẹ̀ kọ́ ni ó ń so ọ́fíìsì mọ́lẹ̀. Àwọn ìwé tí a ti tò pamọ́, àti àṣà tí ó ti mọ́ òṣìṣẹ́ lára, ni okùn náà.

Ẹni tí ó bá ti kó kúrò nílé rí mọ̀ pé àga àti àpótí kì í dá ni dúró. Ibùsùn tí káfíńtà kàn sínú yàrá, tí kò lè gba ẹnu ọ̀nà jáde mọ́, ni wàhálà. Fáìlì tí ètò ìkọ̀wé kan ṣoṣo lè kà dáadáa jẹ́ irú ibùsùn bẹ́ẹ̀. Bákan náà ni fọ́ọ̀mù tí akọ̀wé kan ti to àṣẹ sínú rẹ̀ kí ó lè máa ṣírò fúnra rẹ̀. Lóòótọ́, ògbufọ̀ wà. Wine, ètò kan tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀ ní 1993, máa ń jókòó lórí Linux. Bí ètò ìlò tí a ṣe fún Windows bá béèrè nǹkan, Wine ni yóò dá a lóhùn bí Windows ìbá ti ṣe. Ṣùgbọ́n ibi tí ògbufọ̀ kò bá ti gbọ́ èdè, ọ̀rọ̀ yóò dúró níbẹ̀. N kò ní gba ọ́fíìsì kankan níyànjú láti gbé gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ lé e lọ́wọ́.

Àpẹẹrẹ tí ó wù mí jù ni ti Gendarmerie, àwọn ọlọ́pàá ilẹ̀ Faransé tí wọ́n jẹ́ ológun. Ní 2005, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi OpenOffice rọ́pò ètò ìkọ̀wé wọn. Ní 2006, wọ́n mú Firefox fún íntánẹ́ẹ̀tì àti Thunderbird fún lẹ́tà. Ní gbogbo àkókò yìí, Windows ṣì wà nísàlẹ̀. Wọn kò fọwọ́ kàn án. Ìgbà tí ó di 2008 ni wọ́n tó pinnu láti fi Ubuntu, ẹ̀yà Linux kan, rọ́pò rẹ̀. Nípa báyìí, òṣìṣẹ́ tí ó bá Ubuntu lórí tábìlì rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan bá àwọn ètò tí ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀gá kan nídìí iṣẹ́ náà sọ pé àwòrán kéékèèké ojú kọ̀ǹpútà àti eré ni ìyàtọ̀ tí ó tóbi jù, àti pé eré kọ́ ni ó jẹ wọ́n lógún! Ní 2024, kọ̀ǹpútà wọn lé ní 100,000, èyí tí ó sì pọ̀ jù nínú wọn ni ó ń lo ètò tuntun yìí.

Ti ìlú Munich ní ilẹ̀ Jámánì kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Ìgbìmọ̀ ìlú náà dìbò fún Linux ní 2003, nígbà tí Windows NT tí wọ́n ń lò ń kógbá sílé. Ọ̀gá àgbà Microsoft, Steve Ballmer, tìkára rẹ̀ lọ bẹ̀ wọ́n wò kí wọ́n tó dìbò. Wọ́n ṣe iṣẹ́ náà dé ojú àmì: nígbà tí 2013 ń parí, kọ̀ǹpútà tí ó ju 14,000 lọ ti wà lórí Linux. Ṣùgbọ́n ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ti ní àwọn òṣìṣẹ́ kọ̀ǹpútà tirẹ̀, àwòṣe lẹ́tà tirẹ̀ àti àṣẹ inú fọ́ọ̀mù tirẹ̀. Wọ́n ní láti kọ ètò tuntun kan, WollMux, nítorí àwòṣe lẹ́tà nìkan. Ní 2017, ìgbìmọ̀ dìbò pé kí wọ́n padà sí Windows. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni pé àwọn olùyẹ̀wò tí ìlú náà fúnra rẹ̀ gbà níṣẹ́ ti sọ ní 2016 pé bí a ṣe to iṣẹ́ àti àṣẹ láàárín àwọn ẹ̀ka ni olórí ìṣòro. Ológun ń gba àṣẹ láti ẹnu ẹnì kan. Ọ́fíìsì ìjọba ìlú kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Àwa tí a ń fi Yorùbá kọ̀wé ní ibùsùn tiwa. Kí Unicode tó gbilẹ̀, fọ́ǹtì tí a dìídì ṣe ni púpọ̀ nínú wa fi ń tẹ̀wé: ẹni tí ó ṣe é a yọ àmì kan tí Gẹ̀ẹ́sì kò nílò, a sì fi ẹ tàbí ọ sí ipò rẹ̀. Lójú kọ̀ǹpútà, àmì àtijọ́ náà ni ó ṣì wà níbẹ̀. Gbé fáìlì náà lọ sí ẹ̀rọ tí kò ní fọ́ǹtì yẹn, ìbáà jẹ́ Windows tàbí Linux, ìwé rẹ a di jágbajàgba. Ohun tí ó bá mi nìyẹn nígbà tí mo gbé iṣẹ́ mi lọ sórí Linux. Ẹ̀rọ tuntun náà ní àtẹ ìtẹ̀wé Yorùbá nínú, ó sì ń ṣe ohun gbogbo tí mo bá sọ; àwọn fáìlì mi àtijọ́ ni kò ṣeé kà. Oṣù méjì ni mo fi ń pààrọ̀ àmì sí lẹ́tà, pẹ̀lú ìwé títẹ̀ níwájú mi láti fi wé e. Àwọn tí n kò tẹ̀ sórí ìwé rárá ṣì wà nínú àpò kan, mẹ́ta péré, n kò sì tíì rí fọ́ǹtì wọn.