Ìtọ́jú Ẹni Tí Kò Ní Dìde: Ọ̀rọ̀ Lórí Iṣẹ́ Nọ́ọ̀sì Nínú Ilé Ìtọ́jú Onígbà Pípẹ́

Bí ènìyàn bá dúró ní Takie ní òwúrọ̀, tí ó sì bi àwọn ọ̀dọ́ tí ń kọjá pé iṣẹ́ wo ni wọ́n fẹ́ kọ́, kì í ṣe díẹ̀ nínú wọn ni yóò dáhùn pé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá tún bi wọ́n pé irú aláìsàn wo ni wọ́n ń fojú inú wò, aláìsàn tí yóò dìde ni: ọmọdé tí ibà yóò fi sílẹ̀, abiyamọ tí yóò gbé ọmọ rẹ̀ lọ sílé pẹ̀lú orin. Ẹni tí ó ń ronú kan arúgbó tí kò ní dìde mọ́ kò wọ́pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó ń ronú kan ẹni tí ẹ̀gbà ti mú lápá lẹ́sẹ̀. Nítorí irú àwọn ènìyàn wọ̀nyí, àti nítorí àwọn tí ń tọ́jú wọn, li a ṣe mú ọ̀rọ̀ yìí wá síwájú yín.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ fi ìyàtọ̀ hàn láàrín ilé ìwòsàn àti ilé ìtọ́jú onígbà pípẹ́. Ilé ìwòsàn dà bí èbúté: ẹni tí ó dé ibẹ̀ ń retí àtikọjá. Ilé ìtọ́jú onígbà pípẹ́ dà bí agboolé: àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ ń gbé ibẹ̀ ni. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun, níbẹ̀ ni wọ́n ti ń sùn, níbẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn yóò sì kú sí. Nítorí náà, nọ́ọ̀sì tí ó bá ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kò gbọdọ̀ fi ìwòsàn ṣe òṣùwọ̀n iṣẹ́ rẹ̀, kí ọkàn rẹ̀ má baà rẹ̀wẹ̀sì. Kí ni òṣùwọ̀n náà, nígbà náà? A dáhùn pé ohun tí kò ṣẹlẹ̀ ni: egbò tí kò là, oúnjẹ tí kò bọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró, ìṣubú tí kò ṣẹ́ egungun itan. Ṣùgbọ́n ohun tí kò ṣẹlẹ̀ kì í ní ẹlẹ́rìí, nítorí náà li aráyé ṣe ń fojú tín-ínrín iṣẹ́ yìí.

Síbẹ̀, irú iṣẹ́ yìí kì í ṣe àjèjì ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ní ọdún 1907 ni Dókítà George Green, oníṣègùn ìjọ Onítẹ̀bọmi, dé sí ìlú yìí, iṣẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ li ó sì di ilé ìwòsàn tí ó wá di ti ìkọ́ṣẹ́ Yunifásítì Bowen. Ní ọdún 1925, nọ́ọ̀sì kan tí í ṣe Ruth Kersey dá ilé sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí ìyá wọn kú. Nígbà náà, bí ìyá bá kú lórí ìkúnlẹ̀, ìrètí ọmọ rẹ̀ kò tó nǹkan, nítorí pé kò sí ọmú tí yóò mu. Ọmọ náà kì í ṣe aláìsàn tí a lè fún ní oògùn kí a sì dá padà sílé lọ́jọ́ kẹta. Wàrà ni yóò máa mu lọ́sàn-án àti lóru fún oṣù púpọ̀, ó sì gbọ́dọ̀ ní ọwọ́ kan tí ó mọ̀. Ìtọ́jú onígbà pípẹ́ nìyẹn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ ọwọ́ li a ń tọ́jú.

Lẹ́yìn èyí, ìjọ kan náà ṣe ibùdó fún àwọn adẹ́tẹ̀ lẹ́yìn ìlú yìí. Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ wọn, nítorí ẹ̀kọ́ ńlá wà níbẹ̀. Ní ọdún 1873 ni Armauer Hansen, oníṣègùn ará Norway, rí kòkòrò tí ń fa ẹ̀tẹ̀. Kòkòrò náà a máa pa iṣan tí fi ń mọ ìrora lára ọwọ́ àti ẹsẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn lè tẹ ẹ̀yinná mọ́lẹ̀ tàbí kí ó fi ìṣó rìn láti òwúrọ̀ di alẹ́ láìmọ̀. Láti ọdún 1981 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti dámọ̀ràn pé kí a máa lo oògùn ẹ̀tẹ̀ ní àlùpọ̀, àti pé lónìí, oṣù mẹ́fà sí oṣù méjìlá tó láti pa kòkòrò náà run. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n oògùn kì í jí iṣan tí ó ti kú. Ẹni tí a ti wò sàn gbọ́dọ̀ máa yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ wò lójoojúmọ́ títí ayé rẹ̀, kí ó máa rẹ ẹ́ sínú omi, kí ó máa fi òróró pa á, kí ó má sì ṣe rìn láìwọ bàtà. Ẹ kíyèsí i pé ibi tí ìwòsàn parí sí, ibẹ̀ ni ìtọ́jú ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ta ni ń ṣe iṣẹ́ yìí ní ilẹ̀ òkèèrè tí àwọn ọmọ wa ń lọ? Ní Amẹ́ríkà, lábẹ́ nọ́ọ̀sì àgbà, nọ́ọ̀sì onípò kejì wà. Ní ìpínlẹ̀ Texas àti California nìkan ni wọ́n ti ń pè é ní Licensed Vocational Nurse. Ní àwọn ìpínlẹ̀ yòókù, Licensed Practical Nurse ni orúkọ rẹ̀. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ a máa gba nǹkan bí ọdún kan, lẹ́yìn èyí ni yóò ṣe ìdánwò tí à ń pè ní NCLEX-PN kí ìjọba ìpínlẹ̀ tó fún un ní ìwé àṣẹ. Abẹ́ ọwọ́ nọ́ọ̀sì àgbà tàbí dókítà li ó ti ń ṣiṣẹ́. Òfin tí Amẹ́ríkà ṣe ní ọdún 1987 fún àwọn ilé ìtọ́jú pàṣẹ pé kí nọ́ọ̀sì tí ó ní ìwé àṣẹ wà níbẹ̀ tọ̀sán-tòru. Ní òru, ó lè jẹ́ pé nọ́ọ̀sì onípò kejì yìí nìkan ni nọ́ọ̀sì tí ń ṣọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ arúgbó, tòun ti àwọn olùrànlọ́wọ́ díẹ̀. Àwọn ọmọ Yorùbá wà nínú iṣẹ́ yìí ní Houston àti ní ìlú mìíràn.

Kí ọmọ wa kankan má ṣe rò pé ipò yìí kan náà ni èyí tí à ń pè ní ọ̀sílírì nílé. Ní Nàìjíríà, Nursing and Midwifery Council li ó ń forúkọ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí sílẹ̀, kò sì ka ọ̀sílírì mọ́ nọ́ọ̀sì. Ọ̀dọ́mọbìnrin tí ó fi ọdún méjì kọ́ṣẹ́ ní ilé ìwòsàn aládàáni kan, tí wọ́n wọ aṣọ funfun fún, tí wọ́n sì ń pè é ní nọ́ọ̀sì, yóò rí i lọ́jọ́ tí ó bá nílò ìwé àṣẹ pé òfin kò mọ̀ ọ́n. Kí òbí béèrè kí wọ́n tó sanwó.

Wàyí o, kí ni iṣẹ́ náà gan-an? A óò pín in sí ọ̀nà mẹ́rin.

Èkínní ni awọ ara. Bí ènìyàn bá dùbúlẹ̀ sójú kan fún ìgbà pípẹ́, ìwúwo ara rẹ̀ a máa tẹ ẹran tí ó wà láàrín egungun àti ibùsùn, ẹ̀jẹ̀ kò ní lè dé ibẹ̀, ẹran náà yóò sì kú. Ìbàdí, gìgísẹ̀, ìhà itan àti ìgúnpá ni ó ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà ni a fi ń yí ẹni tí kò lè yí ara rẹ̀ padà, ní nǹkan bí wákàtí méjì-méjì. A ó fi ìrọ̀rí sí àárín orúnkún rẹ̀, a ó sì gbé gìgísẹ̀ rẹ̀ kúrò lórí ibùsùn. A kì í wọ́ ọ. Gbígbé li à ń gbé e, nítorí wíwọ́ a máa ya awọ. Ọ̀rọ̀ pàtàkì kan wà níhìn-ín fún àwa ènìyàn dúdú. Ìwé púpọ̀ kọ́ nọ́ọ̀sì pé kí ó máa wo ibi tí awọ bá ti pọ́n. Ṣùgbọ́n awọ dúdú kì í fi pípọ́n hàn bẹ́ẹ̀. Ohun tí a óò wò ni ibi tí ó dúdú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ tàbí tí ó ń dán. A óò sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án bóyá ó gbóná, bóyá ó le, bóyá ó rọ̀ ju àyíká rẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá dúró de pípọ́n ni yóò bá egbò tí ó ti jinlẹ̀.

Èkejì ni oúnjẹ. Arúgbó tí ẹ̀gbà ti kọlù lè gbé ẹ̀kọ mì kí ó gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ, láìwúkọ́ pàápàá. Kí a gbé e jókòó tààrà, kí ó tẹ àgbọ̀n rẹ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀, kí ṣíbí kéré, kí a rí i pé ó ti gbé ti àkọ́kọ́ mì kí òmíràn tó tẹ̀lé e, kí ó sì wà ní ìjókòó fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn oúnjẹ. Ẹni tí ó bá ń kánjú kò gbọdọ̀ bọ́ arúgbó.

Ẹ̀kẹta ni oògùn. Ẹni tí ó tọ́, oògùn tí ó tọ́, ìwọ̀n tí ó tọ́, àkókò tí ó tọ́, ọ̀nà tí ó tọ́: ohun márùn-ún yìí ni nọ́ọ̀sì ń yẹ̀ wò kí oògùn tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn tí ó bá ti fún un, kì í ṣe ṣáájú. Bí ó bá ṣèṣì, kí ó jẹ́wọ́ lójú ẹsẹ̀. Àṣìṣe tí a jẹ́wọ́ lè ní àtúnṣe; èyí tí a bò mọ́lẹ̀ lè pa ènìyàn.

Ẹ̀kẹrin ni ọkàn, níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ sì ti wúwo jù. Nígbà tí àgbàlagbà bá ń sọ ọ̀rọ̀ tí kò bára mu, àwọn Yorùbá a máa wí pé ó ń ṣarán. Èyí kò burú bí ó bá mọ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ pé ó ti ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ilé mìíràn: ìyá arúgbó tí ó ń rìn kiri ní òru, tí ó ń dá ọ̀rọ̀ sọ, wọn a ní àjẹ́ ni, ó ń jẹ́wọ́, wọn a sì kọ̀ láti fún un li oúnjẹ tàbí kí wọ́n lé e jáde. Àìsàn ọpọlọ ni, ẹ̀yin ará. Láti ọdún 1992 ni àwọn oníṣègùn Yunifásítì Ìbàdàn, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Oluwakayode Osuntokun jẹ́ aṣáájú wọn, ti bá àwọn ará Indiana ní Amẹ́ríkà ṣe ìwádìí rẹ̀ láàrín àwọn arúgbó Ìdíkàn ní Ìbàdàn. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2001 fi hàn pé àìsàn náà kò pọ̀ láàrín àwọn Yorùbá wọ̀nyí tó bí ó ti pọ̀ láàrín àwọn ènìyàn dúdú Indianapolis. Ṣùgbọ́n ó wà láàrín wa. Kí nọ́ọ̀sì má ṣe bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ jiyàn, kí ó má sì ṣe dè é mọ́ ibùsùn nítorí ìrọ̀rùn ara rẹ̀. Òfin 1987 tí a dárúkọ lókè kọ èyí. Bí ìdàrúdàpọ̀ náà bá sì dé lójijì, láàrín ọjọ́ kan tàbí méjì, kí ó yára ké sí dókítà: ó lè jẹ́ àìsàn inú ìtọ̀, tàbí òùngbẹ, tàbí oògùn tí kò bá a lára mu. Èyí ní àtúnṣe.

Àwọn kan yóò wí pé: ilẹ̀ òyìnbó ni wọ́n ti ń gbé òbí sọ sí ilé ìtọ́jú, Yorùbá kì í ṣe bẹ́ẹ̀, bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Òtítọ́ ni òwe náà, a kò sì wá láti yí i padà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ro agboolé kan tí àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní Èkó, ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Houston. Wọ́n ra ibùsùn rere fún ìyá wọn, wọ́n ń fi owó ránṣẹ́ lóṣooṣù, wọ́n sì fi ọmọdébìnrin kan tì í. Ọmọdébìnrin náà kò burú; ó ń fọṣọ, ó ń se ọbẹ̀, ó ń kí ìyá ní àkúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ pé kí ó máa yí ìyá padà. Lẹ́yìn oṣù méjì, nígbà tí wọ́n ṣí aṣọ tí ó dára tí wọ́n fi bo ìyá, egungun ìbàdí li ó hàn síta. Owó tí a fi ránṣẹ́ kì í yí arúgbó padà lórí ibùsùn.

Nítorí náà, kì í ṣe ibi tí arúgbó ń gbé ni ìtìjú wà. Ìtìjú wà nínú egbò náà. Ilé tí ìmọ̀ yìí bá wà, ìbáà ṣe ilé ọmọ, ìbáà ṣe ilé ìtọ́jú, ibẹ̀ li ọmọ ti ń fún òkété li ọmú. A ń fẹ́ kí gbogbo ìjọ wa yan obìnrin àti ọkùnrin díẹ̀ tí nọ́ọ̀sì yóò kọ́ ní yíyí arúgbó padà, ní bíbọ́ ọ, àti ní yíyẹ awọ ara rẹ̀ wò. Kò gba owó púpọ̀. Sùúrù li ó gbà.

Gbogbo wa mọ ìtàn ará Samáríà rere nínú Ìhìn Rere Lúùkù. À ń yìn ín pé ó dúró, pé ó di ọgbẹ́, pé ó sanwó. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì, ó ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Olórí ilé èrò li ó fi ọkùnrin náà tì. Ẹni náà, tí a kò mọ orúkọ rẹ̀, li ó ṣe òru àti ọ̀sán tí ó kù. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì tí ń ṣọ́ òru lẹ́bàá àwọn tí kò ní dìde, ẹ̀yin ni arọ́pò rẹ̀. Kí Ọlọ́run kí ó má ṣe jẹ́ kí ọwọ́ yín rọ.