Ẹni tó ń gbé lẹ́tà àti ẹrù yín ní Kútọnu: bó bá farapa lẹ́nu iṣẹ́, ta ni yóò tọ́jú rẹ̀?

Bí oníṣòwò kan bá di ẹrù ní Pọbẹ́ tàbí Kétu, tó sì fi í ránṣẹ́ sí oníbàárà rẹ̀ ní Kútọnu, ìbéèrè kan ṣoṣo ló máa ń bèèrè lórí fóònù: "Ṣé ó ti dé?" Bí oníbàárà bá ti ní ó ti dé, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ìwọ̀nba èèyàn ló máa ń bèèrè bóyá ẹni tó gbé e dé padà sílé ní àlàáfíà.

Ẹni yẹn ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lónìí. Ó lè jẹ́ òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ tó wọ aṣọ iṣẹ́. Ó lè jẹ́ ọmọkùnrin tó ń gun ọ̀kadà tirẹ̀, tí ẹ fún ní owó díẹ̀ pé kó bá yín gbé páálí kan lọ sí Akpakpa. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe, ewu kan náà ló sì ń dojú kọ wọ́n. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni ọjọ́ tí aburú bá ṣẹlẹ̀.

Ìlú tí wọ́n fi orúkọ bàbá onílé wá ilé

Ètò ìkànìyàn ọdún 2013 ka èèyàn 679,012 sí Kútọnu, láì ka àwọn tó ń wọlé wá ná Dantokpa lójoojúmọ́. Síbẹ̀, nọ́ńbà ara ilé kọ́ ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń júwe ibi tí wọ́n ń gbé. Orúkọ àdúgbò ni wọ́n ń sọ, wọn á sọ nọ́ńbà "carré," wọn á wá fi orúkọ ìdílé tó ni ilé kún un. Àwọn ọ̀nà inú àdúgbò, tí wọ́n ń pè ní "von," pọ̀ lọ jàra, òmíràn sì jẹ́ yanrìn lásán.

Ìdí rèé tí ọ̀pọ̀ lẹ́tà kì í fi í dé ẹnu ọ̀nà ẹnikẹ́ni. Inú àpótí ní ilé ìfìwéránṣẹ́ ni wọ́n ń já sí, òun ni ẹ fi ń rí "01 BP" tàbí "03 BP" nínú àdírẹ́sì. Àmọ́ èyí tó bá pọn dandan kó dé ọwọ́ ẹni, ẹnì kan ló gbọ́dọ̀ gun alùpùpù, kó máa bèèrè ọ̀nà láti von kan sí èkejì, kó máa dáhùn fóònù, kí ojú rẹ̀ sì tún wà lójú ọ̀nà.

Iṣẹ́ náà sì ti yí padà. Lọ́dún 2004 ni ìjọba pín iléeṣẹ́ OPT, tó ń bójú tó lẹ́tà àti tẹlifóònù pọ̀, sí méjì: La Poste du Bénin mú lẹ́tà, Bénin Télécoms sì mú tẹlifóònù. Láti ìgbà náà, fóònù ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ lẹ́tà. Ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń kọ sínú àpòòwé tẹ́lẹ̀, ó ti ń fi WhatsApp rán an. Ohun tó kù tí fóònù kò lè gbé ni ẹrù: bàtà, aṣọ, oògùn, ẹ̀yà ara ẹ̀rọ. Nítorí náà, apá tó ń gbé bébà tẹ́lẹ̀ ti di apá tó ń gbé páálí.

Ojú títì, èéfín àti ẹ̀yìn ríro

Ewu àkọ́kọ́ ni ojú títì. Kútọnu ni ìlú zemidjan, àwọn ọlọ́kadà aláṣọ yẹ́lò tí gbogbo wa mọ̀. Ẹni tó ń gbé ẹrù ń bá wọn du ọ̀nà, ó ń bá ọkọ̀ akẹ́rù tó ń jáde láti èbúté du ọ̀nà. Bí òjò bá dé láti oṣù Kẹrin títí wọ oṣù Keje, tó tún padà wá láàárín oṣù Kẹsàn-án sí Kọkànlá, omi á bo kòtò mọ́lẹ̀, táyà á máa yọ̀. Akoto tó dára tí wọ́n de okùn rẹ̀ lábẹ́ àgbọ̀n ló máa ń ya ẹni tó fara bó kúrò lára ẹni tó fi orí gbá. Èyí tí wọ́n kàn gbé lé orí láti fi yẹra fún ọlọ́pàá kò wúlò fún ohunkóhun.

Ewu kejì kì í ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan. Èéfín ni. Lọ́dún 2005, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì láti Bẹ̀nẹ̀ àti Dẹ́ńmákì gbé ìwádìí kan jáde lórí afẹ́fẹ́ Kútọnu. Ọ̀kan nínú wọn ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Fayomi, oníṣègùn tí iṣẹ́ rẹ̀ dá lórí ìlera àwọn òṣìṣẹ́. Wọ́n fi àwọn zemidjan wé àwọn tó ń gbé létí títì àti àwọn ará abúlé. Wọ́n rí i pé benzene, ìyẹn kẹ́míkà kan tó ń bá èéfín epo bẹtiróòlù jáde, tí àwọn zemidjan ń fà símú pọ̀ ju ti àwọn ará abúlé lọ fíìfíì, àti pé ó ti ń ba nǹkan jẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Benzene wà lára ohun tí àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ ti kéde pé ó ń fa àrùn náà. Zemidjan ni wọ́n yẹ̀ wò, ṣùgbọ́n imú ẹni tó ń gbé lẹ́tà kò yàtọ̀ sí ti zemidjan. Ojú títì kan náà ni wọ́n jọ ń fà símú láti òwúrọ̀ di alẹ́. Aṣọ tí wọ́n ń so mọ́ imú máa ń dá eruku dúró díẹ̀, kò lè dá benzene dúró.

Ewu kẹta wà nínú ilé ìfìwéránṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ẹni tó ń to ẹrù máa ń tẹ̀ ba, á gbé, á yí ara, á gbé e lé ibòmíràn, lọ́pọ̀ ìgbà lójúmọ́. Ẹ̀yìn kì í ké lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Lọ́dún 1967, Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé, ILO, dámọ̀ràn pé bí ẹrù tí wọ́n gbà kí ọkùnrin kan fi ọwọ́ gbé bá ju 55 kílò lọ, kí wọ́n tètè dín in kù. Àpò ìrẹsì ńlá kan jẹ́ 50 kílò. Ẹ wá fojú inú wo ẹni tó ń gbé irú rẹ̀ lóòjọ́, láìsí ọmọlanke, láìsí ẹni tó bá a dì í mú. Ọ̀nà tó tọ́ kò ṣòro: kó tẹ orúnkún ba dípò ẹ̀yìn, kó fa ẹrù mọ́ àyà, kó fi ẹsẹ̀ yí padà dípò kó fi ìbàdí yí.

Ohun tó wà nínú páálí

Ewu kẹrin ni àwa tó ń fi ẹrù ránṣẹ́ ń dá sílẹ̀. Ẹni tó ń gbé páálí kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Òfin ìfìwéránṣẹ́ kárí ayé kò gba ohun tó lè gbiná tàbí tó lè bú gbàmù, síbẹ̀ àwọn kan ń fi epo, gáàsì kékeré àti kẹ́míkà sáàárín aṣọ. Bẹ́ẹ̀ a mọ ohun tí epo lè ṣe ní agbègbè wa. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, iná sọ níbi tí wọ́n ń kó epo kpayo sí ní Sẹ̀mẹ̀-Kraké, létí ààlà Nàìjíríà, ó sì pa èèyàn tó lé ní 30.

Ewu inú páálí kò mọ ìlú ọlọ́rọ̀ yàtọ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2001, ẹnì kan fi lẹ́tà tí wọ́n bu ìyẹ̀fun àrùn anthrax sí ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì sẹ́nétọ̀ kan ní Washington, ní Amẹ́ríkà. Ọjọ́ 15 oṣù náà ni wọ́n ṣí i. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, wọ́n fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ sẹ́nétọ̀ ní oògùn, wọ́n sì ti ọ́fíìsì. Ṣùgbọ́n ilé ìfìwéránṣẹ́ Brentwood, níbi tí lẹ́tà náà ti gba inú ẹ̀rọ kọjá, wà ní ṣíṣí títí di ọjọ́ 21. Àwọn aláṣẹ gbà pé lẹ́tà tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pa kò lè jò. Ẹ̀rọ ti fún un, ìyẹ̀fun sì ti tú jáde. Thomas Morris àti Joseph Curseen, tí àwọn méjèèjì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kú ní ọjọ́ 21 àti 22. Orúkọ wọn ni wọ́n fi ń pe ilé náà lónìí.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ṣe kedere: ẹni tó gba lẹ́tà ni wọ́n kọ́kọ́ rántí, ẹni tó gbé e ni wọ́n rántí gbẹ̀yìn.

Ajá náà ń kọ́? Ní Amẹ́ríkà, ajá ń bu òṣìṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ tó lé ní 5,000 jẹ lọ́dún. Níbí, ewu tó tún wà níbẹ̀ ni àrùn dìgbòlugi, tí kì í fi ẹni sílẹ̀ láàyè tí àmì rẹ̀ bá ti yọ. Bí ajá bá bu ẹnikẹ́ni jẹ, kó fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, kó sì lọ gba abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Kó má dúró wò ó bóyá ajá náà yóò kú.

Òfin ti sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ta ló gbọ́?

Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ kò ṣaláìní òfin. Òfin iṣẹ́, nọ́ńbà 98-004 ti ọjọ́ 27 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1998, pa á láṣẹ pé kí agbanisíṣẹ́ dáàbò bo ìlera àti ẹ̀mí òṣìṣẹ́. Ilé iṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ ní ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìmọ́tótó àti ààbò. Òṣìṣẹ́ lè mú ẹjọ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń yẹ iṣẹ́ wò fún ìjọba, tí wọ́n ń pè ní "inspection du travail."

Ti owó ìtọ́jú wà lọ́wọ́ CNSS. Agbanisíṣẹ́ nìkan ló ń san owó ewu iṣẹ́ síbẹ̀, láti ìdá 1 sí ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù, gẹ́gẹ́ bí ewu iṣẹ́ náà bá ṣe tó. Wọn kì í yọ kọ́bọ̀ rẹ̀ lára owó òṣìṣẹ́. Bí ẹni tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bá farapa lẹ́nu iṣẹ́, tàbí lójú ọ̀nà nígbà tó ń lọ síbi iṣẹ́ tàbí tó ń darí bọ̀ wálé, CNSS ló ń sanwó ìtọ́jú. Ó ń fún un ní owó oúnjẹ fún àwọn ọjọ́ tí kò lè ṣiṣẹ́. Bí ara rẹ̀ kò bá lè padà sípò mọ́, tàbí tó bá kú, owó wà fún òun tàbí ìdílé rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀gá gbọ́dọ̀ kọ ìṣẹ̀lẹ̀ náà ránṣẹ́ sí CNSS láàárín wákàtí 48. Bí ọ̀gá bá kọ̀, òṣìṣẹ́ náà tàbí ìdílé rẹ̀ lè ṣe é fúnra wọn. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń pàdánù. Ọ̀gá á ní, "Lọ fi omi gbígbóná jó o, wàá dára." Òṣìṣẹ́ á sì lọ, kí wọ́n má bàa sọ pé ọ̀lẹ ni. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, tí orúnkún kò bá ká mọ́, kò ní sí ìwé kankan tí yóò jẹ́rìí pé ẹnu iṣẹ́ ló ti ṣẹlẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ẹni tó kù tí ọkàn wa kò balẹ̀ lé lórí ni ọmọkùnrin tó ń gun ọ̀kadà tirẹ̀. Kò ní ọ̀gá, kò ní ìwé iṣẹ́, kò sí orúkọ rẹ̀ ní CNSS. Lọ́jọ́ tó bá ṣubú pẹ̀lú páálí yín lẹ́yìn, oníṣòwò yóò máa sọ̀rọ̀ páálí, oníbàárà yóò máa sọ̀rọ̀ páálí. Ìyá rẹ̀ ni yóò máa yá owó ilé ìwòsàn. Lóṣù Kẹfà ọdún 2022, ILO kéde pé ibi iṣẹ́ tí kò ní ewu jẹ́ ọ̀kan lára ẹ̀tọ́ pàtàkì gbogbo òṣìṣẹ́. Ọmọ yẹn náà wà lára "gbogbo."

Ohun tí ọwọ́ wa ká

Ẹ̀yin oníṣòwò, kò dìgbà tí ìjọba bá dé kí ẹ tó ṣe tiyín. Ẹ kọ ìwọ̀n ẹrù sára páálí, kí ẹni tó fẹ́ gbé e mọ̀ bóyá èèyàn méjì ni yóò gbé e. Ẹ pín ẹrù ńlá sí méjì. Ẹ má fi epo, gáàsì tàbí kẹ́míkà pamọ́ sínú aṣọ. Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù ẹni tó fẹ́ gbà á gàdàgbà, pẹ̀lú àdúgbò, carré àti orúkọ onílé, kó má bàa jẹ́ pé orí ọ̀kadà ni yóò ti máa wá a. Bí ẹ bá ń retí ẹrù, ẹ so ajá yín mọ́lẹ̀.

Ẹ má sì pe ẹni tó wà lórí alùpùpù nígbà mẹ́wàá láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìgbà kọ̀ọ̀kan tó bá gbé fóònù, ojú rẹ̀ kúrò lọ́nà nìyẹn.

Bó bá jẹ́ ọmọ kan náà ló ń gbé ẹrù yín lóṣooṣù, ẹ bá a jókòó. Ẹ bi í bóyá akoto rẹ̀ ṣì lókùn, bóyá bíréèkì rẹ̀ ń mú. Ẹ jọ fi ẹnu kò pé bó bá farapa lẹ́nu iṣẹ́ yín, iye báyìí lẹ ó fi tọ́jú rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá tún tẹ Kútọnu láago láti bèèrè pé "Ṣé ó ti dé?", ẹ fi ìbéèrè kan kún un: "Ẹni tó gbé e wá ń kọ́? Ṣé àlàáfíà ló dé?"